Ọmọ tó mọ PIN ìyá rẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Iléṣà

Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún 15, ó wà ní SS2. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ àti edé ní Ọjà Àtàkúmọ́sà. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, oṣù kan lè parí kó má tíì fojú kan ilé. Ilé ẹbí ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn Ẹ̀rẹ̀jà, pẹ̀lú ìyá bàbá àti àbúrò bàbá kan tí gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 126,600 náírà lọ kúrò nínú àkáǹtì ìyá náà. Fóònù rẹ̀ kò sọnù, kò sì sí ẹni tó pè é láti gbà á ní jìbìtì. Owó náà gan-an kì í ṣe tirẹ̀. Owó èésú ni.

Èmi ni olùtọ́sọ́nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn òbí mìíràn. Òun àti ọmọ náà ló kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ, mo sì ti yọ ohun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ kúrò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ilé ẹ̀kọ́

Obìnrin 15 ló ń dá èésú náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá 10,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó 150,000. Ìyá ọmọ yìí ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú owó, nítorí pé wọn kò rí i kó jẹ gbèsè rí. Inú àpótí ni owó náà máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà ìpààrọ̀ owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló yí i padà, nígbà tí náírà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń tò sí iwájú ATM láti ìdájí, tí oníbàárà tó fẹ́ ra edé igba náírà kò rí owó ọwọ́ san. Látìgbà náà ni gbogbo ọjà ti gba owó sórí fóònù, èésú náà sì bá a lọ.

Lóṣù kẹsàn-án, ẹni tó kàn fẹ́ fi owó tirẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ní kí ọmọ òun fi 150,000 ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bánkì ló ń ṣe àtúnṣe. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà mú fóònù lọ bá oní-POS kan ní ẹnu ọjà pé kó bá òun wo iye tó wà níbẹ̀. 23,400 náírà ló bá.

Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà, ó sì fi kòbókò dá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ìyá náà mú ọmọ wá sí ilé ẹ̀kọ́, ojú ẹgba hàn ní apá rẹ̀ méjèèjì. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá fẹ́ ni pé kí a mú kó kúnlẹ̀ sí iwájú gbogbo ọmọ ní àsẹ́ńbílì, kó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ó ní bí a kò bá ṣe é, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan. Ó ń fi etí gèlè nu ojú.

Mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò le láti dáhùn: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18, a kì í sì í fi ọmọdé sábẹ́ ètò ìdájọ́ tí a ń fi àgbà sí. Ti àsẹ́ńbílì ni mo dúró lé lórí jù. Èmi mọ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa tò síbẹ̀. Wọn kò ní rí olè lára ọmọ yìí. Ẹni tó fi 700 náírà ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tó sì jẹ 41,000 nígbà kan, ni wọn yóò rí, wọn yóò sì fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é. Ìtìjú tí àgbà rò pé ó ń fi kan ọmọ lè di òkìkí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí àwa àgbà sì ń fojú fò jù nìyẹn.

Ohun tí ọmọ náà sọ

Ó jókòó sí ọ́fíìsì mi, ó dorí kodò, kò dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́. N kò bi í léèrè owó. Ta ló bá ìyá rẹ̀ ṣe fóònù yẹn? Ohun tí mo bi í nìyẹn. Orí rẹ̀ gbé sókè. Òun ni. Ọdún 2023, ó wà ní JSS2, ọmọ ọdún 13. Òun ló ṣí àkáǹtì náà sórí fóònù, òun ló mú PIN: 2010, ọdún tí wọ́n bí i. Òun ló ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ẹja wá, òun ló ń ra káàdì ìpè, òun ló ń ra iná sínú mítà, òun ló ń ka mẹ́séèjì àwọn oníbàárà sétí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ráhùn pé bánkì ń yọ owó lórí álẹ́ẹ̀tì, òun náà ló dá álẹ́ẹ̀tì dúró.

Mo yíjú sí ìyá náà. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Ọmọ yìí ni bánkì mi, Àńtí."

Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, inú gbólóhùn yẹn ló wà. Ní ìgbà àwọn ìyá wa, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó kì í kúrò ní etí aṣọ wọn. Ọmọ lè mọ ibi tí àpótí wà, kò lè ṣí i. Ìyá yìí tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa, kò sì ní ìwà àìbìkítà rárá. Ẹ̀rọ kan dé tí òun kò mọ̀ ọ́n lò, tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò láàárín ọjọ́ kan, ló bá fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà níbí. A wá ń retí pé kí ọmọ ọdún 13 ní ọwọ́ mímọ́ tí a kò lè fi búra fún akápò ẹgbẹ́.

Ẹ̀yìn èyí ló wá sọ ti tẹ́tẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun kan ní àdúgbò wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá síbẹ̀ tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́, nítorí náà ọ̀dọ́kùnrin tó ń gẹrun níbẹ̀ ló ń lo orúkọ àti NIN tirẹ̀ bá àwọn ọmọ ta á, tó sì ń gba díẹ̀ lára èyí tó bá jẹ. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìpápánu rẹ̀, 200, 300. Nínú oṣù karùn-ún, tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ, ó mú 41,000 wọlé. Ohun tó fi owó yẹn ṣe ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ó fi san owó lẹ́sìn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ra epo pupa gálọ́ọ̀nù kan sílé. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún òun lówó nítorí pé òun gba ipò kìíní nínú ìdíje Bíbélì. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba.

Èrè yẹn ló mú un. Ṣáájú rẹ̀, eré ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di ọkùnrin tó ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, owó èésú ti ń wọ àkáǹtì, ìyá rẹ̀ ń ráhùn pé ẹja wọ́n. Ó yọ 2,000. Gèèmù kan ṣoṣo ló ba tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́, nítorí gbogbo gèèmù inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé kó tó lè jẹ. Ó yọ 5,000 láti fi wá 2,000 náà padà. Ó tún yọ 10,000 láti fi wá 5,000. Ọ̀rọ̀ tó tún sọ léraléra ni pé, "Mo fẹ́ dá a padà kí wọ́n tó mọ̀ ni, mà." Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ 18,000, tó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àkáǹtì náà, tó tún yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta.

Kó tó lọ, ó rọra sọ ohun kan nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde: "Bọ̀ọ̀dá náà ń ta tẹ́tẹ́, mà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn la ti máa ń pàdé."

Ohun tí a ṣe

Owó olówó ló kọ́kọ́ yẹ ká wá. Ìyá náà fẹ́ yá owó elélè lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò, kó san án kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Mo sọ fún un pé èlé náà yóò jẹ ọjà rẹ̀ run. Ìyá àgbà ló parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pe ọmọ náà jókòó síwájú wọn, wọ́n ní: "Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá rẹ. Ó gbé aṣọ dé Ìkàrẹ́, ó gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa là ń lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Kò tíì sí ẹni tó wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà tiwa." Ẹkún tí kòbókò kò rí fà jáde lójú ọmọ náà, ọ̀rọ̀ yìí fà á jáde.

Bàbá rẹ̀ fi 40,000 ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà. Ìyá kó 52,000 jáde nínú owó ọjà rẹ̀. Àbúrò ìyá yá wọn ní 34,600. Pẹ̀lú 23,400 tó ṣẹ́ kù, ó pé 150,000, obìnrin tó kàn sì gba owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an. A wá pinnu pé ọmọ náà ni yóò san 34,600 ti àbúrò ìyá rẹ̀. N kò fẹ́ kó gbé gbogbo 126,600 lé orí, nítorí gbèsè tí ọmọ ọdún 15 kò rí òpin rẹ̀ yóò tún lé e padà sídìí tẹ́tẹ́. Ó níláti jẹ́ iye tó lè san pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tó sì lè kà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń bá àwọn oníṣòwò gbé ẹrù, ó ń ṣa edé, ó ń gbálẹ̀ ìsọ̀. 1,500 náírà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ tààrà sọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, ó ní láti dojú kọ àwọn obìnrin náà. Mo bá wọn lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí ọjà ti fẹ́ tú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò dárúkọ ẹlòmíràn. Obìnrin kan dìde, ó ní òun kò dá èésú mọ́, ó sì lọ. Òmíràn bú u dáadáa. Àgbà kan nínú wọn yọ fóònù tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó nà án sí ọmọ náà, ó ní, "Wá fi ibi tí wọ́n ti ń rí iye tó jáde hàn mí. Ọmọ tèmi náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́." Àwọn mẹ́ta mìíràn yọ tiwọn. Wọ́n gba ipò olùtọ́jú owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí. Ipò tí ìwà rere rẹ̀ fún un ni, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló sì ti bọ́.

Ẹ̀kọ́ tó gba àkókò jù ni ti ìyá náà. Ó ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́bọ̀, tó bá ti pa ìsọ̀ dé díẹ̀. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni, kò sí nọ́ńbà tó lè pamọ́ fún un. A yí PIN padà ní bánkì, ó sì mú nọ́ńbà tí kò bá ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni mu. A dá álẹ́ẹ̀tì padà. Ó kọ́ kóòdù tí yóò tẹ̀ láti wo iye tó wà nínú àkáǹtì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ bí "Credit" ṣe rí lójú àti bí "Debit" ṣe rí. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, 3,000 náírà sí ẹni tó ń kó ẹja wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pe ẹni náà lórí fóònù pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Ó tún pè é. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Àṣẹ tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i, bí ó bá sì ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà náà, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Ti ọmọ náà, olùkọ́ ìṣirò wọn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Òun ló ti rí àwọn nọ́ńbà kéékèèké ní ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ tipẹ́, 1.40, 1.35, 1.52, ìyẹn ọ́ọ̀dù, iye ìlọ́po owó tí ilé tẹ́tẹ́ ń san lórí gèèmù kan. A kò wàásù. Ọmọ náà ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ ní kó mú bírò. Ó ní ká sọ pé gèèmù mẹ́wàá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ká sì sọ pé ẹgbẹ́ tó mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń borí nígbà méje nínú mẹ́wàá. Nínú ọgọ́rùn-ún irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, mélòó ni yóò jẹ? Ọmọ náà ní àádọ́rin. Olùkọ́ ní kó ṣírò rẹ̀: 0.7 lọ́nà 0.7, títí yóò fi pé mẹ́wàá. Ó bá 0.028. Kò tilẹ̀ pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fa ìlà lé e, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló bá. Olùkọ́ ní kó wá ṣírò owó rẹ̀. Bí ọ́ọ̀dù gèèmù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 1.40, 700 náírà yóò di nǹkan bí 20,200. Ká tiẹ̀ fún un ní mẹ́ta tó jẹ nínú ọgọ́rùn-ún: 70,000 ló jáde lápò, nǹkan bí 60,700 ló wọlé. Ó wo ìwé náà títí. Ó béèrè pé, "Sà, ta ló wá ń mú tó kù?" Olùkọ́ ní àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́ ni, bóyá ìwọ jẹ o, bóyá o kò jẹ.

Mo bá Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. N kò sọ ẹni tó sọ fún mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ibi tí ọmọ yín ti kọ́ ọ, wọ́n ní ẹ mọ ibẹ̀." Ó dákẹ́. Kò jẹ́wọ́, kò sì sẹ́. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń ta, ṣùgbọ́n kò gbé kòbókò mọ́, kò sì gba ọmọ náà láyè ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Ní ti ẹni tó ń gẹrun, èmi àti alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ bá a. Ọ̀dọ́ ni òun náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò ríṣẹ́. Ó ní òun kò ní bá ọmọ ilé ìwé ta á mọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni a kọ̀wé sí. A ṣì ń retí èsì.

Ó tún ṣubú

Nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Mòrókò ní òpin ọdún 2025, ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, gbogbo àdúgbò ń pariwo. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní 300 náírà, nínú èyí tó ṣẹ́ kù fún un lọ́jọ́ Sátidé, pé kó bá òun ta á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbọ́, tó sọ. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò sì pe Bọ̀ọ̀dá. Ó jókòó tì í, ó ní kó ṣí ìwé tó ń kọ gbèsè sí, kó kọ 300 náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó kọ ohun tó fi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ èyí fún mi, mo mọ̀ pé kò nílò mi púpọ̀ mọ́.

Ohun kan ni mo fi kún un. Bọ́ọ̀lù kò ṣẹ̀ wá, ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Tí a bá sọ fún un pé kó má wò ó mọ́, irọ́ la ń kọ́ ọ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, olùkọ́ eré ìdárayá fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń kọ ẹni tó gbá góòlù, ẹni tó gba káàdì, ìṣẹ́jú tí a yí ẹnì kan padà. Nọ́ńbà tí ó ń kọ sí ẹ̀yìn ìwé tẹ́lẹ̀ ti wá wà nínú ìwé tí olùkọ́ ń yẹ̀ wò.

Ó ti san 24,000 nínú gbèsè rẹ̀, ó ku 10,600. Èésú náà ti fi èèyàn méjì ṣe olùtọ́jú owó, álẹ́ẹ̀tì ń lọ sórí fóònù àwọn méjèèjì, ìyá rẹ̀ kò tíì sí lára wọn. Fóònù àlòkù tí Bọ̀ọ̀dá fún ọmọ náà nígbà kan rí ṣì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó wá bi mí bóyá òun lè gbà á padà tí òun bá san owó náà tán. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó di ìgbà tó bá ṣe WAEC tán. Inú rẹ̀ kò dùn rárá, ó wá bá mi pé kí n bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo ní mi ò ní bẹ̀ wọ́n.